Ẹ Má Ṣe Tú Álúbọ́ọ̀mù Ká: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Káàdì Ìkíni Ọdún Àtijọ́

Àwọn tó pè mí síbí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹwà káàdì ìkíni ọdún ayé àtijọ́. Màá sọ ọ́, torí ẹwà ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ̀bẹ̀ ni mo gbé wá. Ẹnikẹ́ni nínú yín tí álúbọ́ọ̀mù káàdì àtijọ́ bá bọ́ sí lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ogún, ì báà jẹ́ rírà, mo bẹ̀ ẹ́, kó má ṣe tú u ká.

Nígbà tí mo wà ní kékeré níbí ní Ìbàdàn, bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, màmá mi máa ń ta okùn òwú láti igun pálọ̀ kan dé ìkejì. Káàdì tó bá wọlé, orí okùn yẹn là ń fi kọ́: ti ẹ̀gbọ́n wọn tó ń gbé ní Kàdúná, ti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ti ọ̀gá bàbá mi níbi iṣẹ́. Àlejò tó bá yà wá kí wa, kó tó jókòó, á ti kọ́kọ́ wo okùn. Nígbà tó bá fi máa gbé omi mu, ó ti mọ ẹni tó rántí wa lọ́dún náà àti ẹni tí kò rántí wa. Bí ọdún bá kọjá, Màmá á ká káàdì sílẹ̀, wọ́n á fi okùn kan náà dì wọ́n, wọ́n á tì wọ́n sínú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́dún 1994 tí a ṣí àpótí náà, ikán ti jẹ ẹ́ dénú. Ohun tó kù kò ju iyẹ̀pẹ̀ lọ, àti etí káàdì mélòó kan tí àwọ̀ wúrà rẹ̀ ṣì ń dán. Màmá ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń fi ìka tú iyẹ̀pẹ̀ yẹn, wọ́n ń wá ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀gbọ́n wọn tó ti di olóògbé.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ káàdì ti wọ̀ mí lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkèèrè ni mo ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ. Ní Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí mo ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ni. Irú èyí tí mo ń kó jọ sì yàtọ̀ sí ti Màmá, èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ po sínú àpòòwé. Pósíkáàdì ni tèmi: páálí pẹlẹbẹ kan ṣoṣo, àwòrán níwájú, àdírẹ́sì àti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, tí ẹni tó ń gbé e láti ìlú dé ìlú lè kà bó bá wù ú. Láti nǹkan bí ọdún 1900 títí Ogun Àgbáyé Kìíní fi dé ni ìgbà tó gbayì jù ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Káàdì inú àpòòwé ló kọ́kọ́ dé. Lọ́dún 1843, Henry Cole, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù, rí i pé lẹ́tà ọdún tó yẹ kí òun dáhùn ti pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ òun ká lọ. Òun náà wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ tí owó ìfìwéránṣẹ́ fi wálẹ̀ di kọ́bọ̀ kan ní 1840, tí gbogbo ayé fi ń kọ lẹ́tà. Ó bẹ ayàwòrán kan, John Callcott Horsley, lọ́wẹ̀, wọ́n sì tẹ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún káàdì jáde. Ìdílé kan ló wà láàárín àwòrán náà, tí wọ́n ń jẹ tí wọ́n ń mu, tí wọ́n sì ń fún ọmọdé ní wáìnì níbẹ̀. Inú bí àwọn tó ń gbógun ti ọtí nígbà náà sí i gan-an. Èyí tó kàn mí jù ni iye tí wọ́n tà á: ṣílè kan fún ẹyọ kan. Ọmọ ọ̀dọ̀ inú ilé ńlá ò lè fi ṣílè kan kí ọmọ ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Pósíkáàdì ló mú ìkíni ọdún dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù. Emanuel Herrmann, olùkọ́ ètò ọrọ̀ ajé kan ní Austria, ló kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ní ìbẹ̀rẹ̀ 1869 pé ìnáwó àti wàhálà lẹ́tà ti pọ̀ jù fún ọ̀rọ̀ tí kò ju ìlà mẹ́ta mẹ́rin lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ìjọba Austria àti Hungary ti gbé káàdì jáde. Ọjọ́ kan náà ní 1870 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé tiwọn jáde, ẹ́pìnnì kan péré sì lowó ìfiránṣẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ibí tí wọ́n ná owó oníhò mọ bí ẹ́pìnnì ti kéré tó. Owó yẹn ò sì yí padà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di oṣù Kẹfà ọdún 1918, tó di kọ́bọ̀ kan.

Lákọ̀ọ́kọ́, àdírẹ́sì nìkan ni òfin gbà kí ó wà lẹ́yìn káàdì. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ojú àwòrán ni yóò ti sọ ọ́. Ìdí rèé tí ẹ ó fi rí Bàbá Kérésì tí wọ́n fi yíǹkì kọ̀wé yí irùngbọ̀n rẹ̀ ká títí dé ẹsẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló yọ̀ǹda ní 1902 pé kí wọ́n fa ìlà sí ẹ̀yìn káàdì, kí ọ̀rọ̀ wà lápá kan, kí àdírẹ́sì wà lápá kejì. Jámánì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1905, Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹta 1907. Bí ẹ bá mú káàdì Amẹ́ríkà lọ́wọ́ tí kò sí ìlà yẹn lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti ṣáájú 1907.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀rọ lásán ló ṣe é. Òkúta ni. Òkúta ẹfun ni wọ́n máa ń wà jáde ní Solnhofen, ní Bavaria ní ilẹ̀ Jámánì, tó dán, tí kò sì ní ihò lára. Ayàwòrán á fi léèdì ọlọ́ràá ya nǹkan sórí rẹ̀, wọ́n á wá da omi sí i. Ibi tí ọ̀rá bá wà kò ní gba omi, ibi tí omi bá sì wà kò ní gba yíǹkì, nítorí omi àti epo kì í bára wọn rẹ́. Yíǹkì á lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ya nǹkan sí nìkan, wọ́n á tẹ páálí mọ́ ọn. Àwọ̀ kan ṣoṣo nìyẹn. Àwọ̀ pupa ní òkúta tirẹ̀, àwọ̀ búlúù ní tirẹ̀, àwọ̀ ara ènìyàn ní tirẹ̀. Káàdì tó bá dára lè gba òkúta tó ju mẹ́wàá lọ, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́. Bí páálí bá sún díẹ̀ lórí ọ̀kan nínú wọn, ètè ọmọ á bọ́ sí àgbọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á fi irin tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn kí agogo tàbí òdòdó lè yọ lójú rẹ̀, tí ẹ fi lè fi ìka mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn.

Ẹ fi dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ inú irú káàdì bẹ́ẹ̀. Ẹ ó rí tótótó tí kò tò lórí ìlà, torí ọwọ́ ènìyàn ló to wọ́n. Ti ẹ̀dà tí wọ́n ń tẹ̀ lónìí máa ń tò gbọọrọ bí ẹ̀gẹ́ tuntun lóko. Ohun tí mo fi ń mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ẹ̀dà nìyẹn, kò sì tíì já mi kulẹ̀.

Jámánì ló mọ iṣẹ́ yìí jù láyé nígbà náà. Raphael Tuck ní Lọ́ńdọ̀nù, tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù nídìí káàdì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì ló ti ń tẹ púpọ̀ nínú tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn ilé iṣẹ́ New York. Ellen Clapsaddle, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí àwọn ọmọ ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ roboto inú àwòrán rẹ̀ ṣì ń wu àwọn ènìyàn títí dòní, ilé iṣẹ́ kan ní New York ló ń yàwòrán fún, Jámánì ni wọ́n sì ti ń yà wọ́n sórí òkúta. Ní 1909, Amẹ́ríkà fi kún owó bodè káàdì tó ń ti òkèèrè wọlé. Nígbà tó di 1914, ogun dí ọ̀nà. Clapsaddle kú ní 1934, tí ayé pósíkáàdì ti lọ tipẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 1940, bọ́ǹbù Jámánì jó ilé iṣẹ́ Tuck ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ojúlówó àwòrán tí wọ́n ti ń kó pa mọ́ láti ọdún gbọọrọ sì jóná pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ wọn. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ yẹn, ọwọ́ àwọn tí wọ́n rà á, tí wọ́n sì fi í sínú álúbọ́ọ̀mù, ló wà.

Báwo ló ti pọ̀ tó? Láàárín ọdún kan péré tó parí ní oṣù Kẹfà 1908, ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà ka pósíkáàdì 677,777,798. Ènìyàn ilẹ̀ náà lápapọ̀ kò tíì tó 90 mílíọ̀nù. Tẹlifóònù ṣọ̀wọ́n nígbà náà, àmọ́ ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé máa ń dé lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́, tó fi jẹ́ pé káàdì tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárọ̀ lè dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kódà wọ́n ń pín ìwé lọ́jọ́ Kérésìmesì gan-an. Ọdún 1960 ni ìyẹn dáwọ́ dúró ní England.

Ní ọjọ́ Àìkú kan ní 2003, mo lọ sí ọjà tí àwọn ènìyàn ti ń ṣí búùtù mọ́tò wọn ta ẹrù àlòkù, lẹ́yìn ìlú Leeds. Álúbọ́ọ̀mù kan wà lórí tábìlì, aláwọ̀ ewé, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbó. Ewé inú rẹ̀ jẹ́ páálí pupa rẹ́súrẹ́sú, wọ́n la igun mẹ́rin mẹ́rin síbẹ̀ kí wọ́n lè ki etí káàdì bọ̀ ọ́. Mo ṣí i. Èyí tí mo kọ́kọ́ rí ni ọmọbìnrin kan tó wọ kóòtù pupa, tó gbé ewé holly, ewé ọ̀ṣọ́ Kérésì, dání. Wọ́n ti wọ́n dígí lúbúlúbú sórí yìnyín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń kọ mọ̀nà bí mo ṣe ń gbé e síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo yọ ọ́, mo yí i padà. Sítáǹpù ẹ́pìnnì aláwọ̀ ewé, orí Ọba Edward Keje lórí rẹ̀, òǹtẹ̀ ìlú Harrogate, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejìlá 1908. Ọmọbìnrin kan ló fi léèdì kọ ọ́ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ó kí i kú ọdún, ó ní ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́rin lòun ń bá bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, kó sọ fún màmá wọn kí wọ́n má ra tòlótòló, torí ọ̀gá òun ti fún òun ní ọ̀kan.

Ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Ẹni tí ṣílè kan Henry Cole ò wà fún rárá.

Owó tó wà lọ́wọ́ mi kò ká gbogbo álúbọ́ọ̀mù. Mo ra ẹyọ kan yẹn ní pọ́ùn kan, mo ní mo ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí mo padà dé, oníṣòwò náà ti tú u ká. Ó ti to káàdì sínú àpótí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: Kérésì lọ́tọ̀, Ọdún Àjíǹde lọ́tọ̀, ológbò lọ́tọ̀, ọkọ̀ ojú omi lọ́tọ̀. Álúbọ́ọ̀mù òfìfo wà nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mi ò lè bá a wí. Bí wọ́n ṣe ń ta ọjà náà nìyẹn: ẹni tó ń kó ológbò jọ, ológbò nìkan ni yóò rà, tí a bá sì tà á níkọ̀ọ̀kan, owó rẹ̀ á pọ̀ ju ti odidi lọ. Mo ra álúbọ́ọ̀mù òfìfo yẹn ní pọ́ùn méjì, mo wá dúró sídìí àpótí wọ̀nyẹn fún wákàtí mẹ́ta, mo ń yí ẹ̀yìn káàdì wò, mo ń wá àdírẹ́sì àbúrò yẹn. Mẹ́rìnlá ni mo rí.

Ẹ wo ohun tí mẹ́rìnlá yẹn sọ nígbà tí mo tò wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wà ní abúlé ní 1906, ó wà ní Harrogate ní 1908, ó ti dé Manchester ní 1911, orí Ọba George Karùn-ún ti wà lórí sítáǹpù, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì ti gún régé. Ẹ̀gbọ́n kan wà tó jẹ́ ọkùnrin, tí káàdì tirẹ̀ kì í ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Ní Kérésì 1916, tirẹ̀ wá láti Faransé, ó jẹ́ irú èyí tí àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń fi òwú ṣẹ́dà aláràbarà gán òdòdó sí fún àwọn sójà. Lọ́tẹ̀ yìí ó kọ̀wé kún ẹ̀yìn rẹ̀ títí dé etí. N kò rí èyí tó tún tọwọ́ rẹ̀ wá lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1919, orúkọ àbúrò yí padà, ó di ìyàwó ilé. Kò sí èyí tí ẹyọ káàdì kan lè sọ fún yín nínú gbogbo rẹ̀. Okùn Màmá mi ni álúbọ́ọ̀mù yẹn: ẹni tó rántí wa, àti ẹni tí a ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ohun kan wà tí mi ò gbọdọ̀ fò. Mo ra álúbọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà kan lẹ́yìn ìgbà náà, odidi, ó sì dùn mọ́ mi títí mo fi ṣí ewé kan. Láàárín òròmọdìẹ Ọdún Àjíǹde méjì, ọmọ aláwọ̀ dúdú kan wà tí wọ́n ya ètè rẹ̀ gbàgìdì, tí wọ́n sọ di ẹranko ẹlẹ́yà. Irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n nígbà náà. Ó wà nínú ti Kérésì, ó wà nínú ti Halloween. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo fẹ́ fà á ya. Lẹ́yìn náà ni mo yí i padà, mo rí i pé ẹni tó fi òròmọdìẹ ránṣẹ́ náà ló fi èyí ránṣẹ́, pẹ̀lú ìfẹ́ kan náà, àdúrà kan náà, bí ẹni pé èébú kankan ò sí níbẹ̀. Mo dá a padà sáàyè rẹ̀. Jim Crow Museum, ní Ferris State University ní Michigan, ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pa mọ́ kí wọ́n lè fi kọ́ àwọn ènìyàn, mo sì gbà pé wọ́n tọ́. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ewé yẹn á di ewé àwọn ènìyàn rere tí kò ṣe nǹkan kan, irọ́ sì ni. Mi ò kàn ní fi í hàn ẹnikẹ́ni láìbá a sọ̀rọ̀ lé e lórí, pàápàá ọmọdé.

Ilẹ̀ tiwa náà wọ inú pósíkáàdì láyé ìgbà yẹn. Edmond Fortier, ará Faransé tó fi Dakar ṣe ibùjókòó, ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó sì tà wọ́n ní káàdì. Àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ yìí máa ń kọ̀wé kú ọdún tuntun sí ẹ̀yìn irú wọn lọ sílé. Ojú àwọn ènìyàn wa ló wà níwájú rẹ̀, àmọ́ wọn kì í sábà kọ orúkọ wọn síbẹ̀.

Ní ti owó, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Káàdì Halloween tí John Winsch tẹ̀ jáde ní New York, pàápàá èyí tí Samuel Schmucker yàwòrán rẹ̀, wọ́n gan-an. Bàbá Kérésì tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, búlúù tàbí ti ìyeyè wọ́n ju ti pupa lọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó lọ síbi agogo àti ewé holly tí ẹnikẹ́ni ò kà sí. Wọ́n pọ̀, wọn ò wọ́n, ọ̀rọ̀ sì máa ń kún ẹ̀yìn wọn.

Ní ti ìtọ́jú, ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa le ju ti Leeds lọ, ikán sì ń bẹ. Ẹ má ṣe gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe gbé e ti ògiri. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, ẹ má gbé e sínú álúbọ́ọ̀mù fọ́tò tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe lámínéètì rẹ̀. Mo ti rí i tí wọ́n fi ìfẹ́ ṣe é, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ẹ má sì yọ sítáǹpù, torí òǹtẹ̀ orí rẹ̀ ló ń sọ ọjọ́ àti ìlú. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ fi fóònù ya ewé kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà, lẹ́yìn náà ẹ ya iwájú àti ẹ̀yìn káàdì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi léèdì kọ nọ́ńbà fẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ àyè tó ti jáde. Bí ebi bá tiẹ̀ mú yín tà á, àwòrán yẹn á bá a lọ. Ìdì káàdì tí àwọn òbí yín fi okùn dì kí fóònù alágbèéká GSM tó dé ní 2001 ńkọ́? Òfin kan náà ni. Bí wọ́n ṣe tò ó ni kó wà.

Mo gbé álúbọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé yẹn wá, ó wà lórí tábìlì, ẹ lè wá wò ó. Káàdì mẹ́tàlélógún ló wà nínú rẹ̀ báyìí nínú ọgọ́ta. Mo ń wá àwọn yòókù lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò káàkiri, ọwọ́ ìkọ̀wé ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Àyè kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń dà mí láàmú: ewé tó kọjú sí ti ọmọbìnrin oníkóòtù pupa. Òfìfo ni, àmọ́ àmì agogo kan ti tẹ ara páálí ibẹ̀, níbi tí ohun tó yọ lójú káàdì kan ti fún mọ́ ọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. N kò ní káàdì alágogo kankan. Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, oníṣòwò kan ní Scotland fi àwòrán ẹrù rẹ̀ hàn mí, agogo wúrà méjì wà níbẹ̀, ìkíni ọdún 1909. Mo ní kó yí i padà fún mi. Léèdì ni, Harrogate ni, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá 1908. Ọmọ ọ̀dọ̀ náà ní òun ti dé ibi iṣẹ́ láyọ̀, pé ọ̀gá òun ń bèèrè bóyá tòlótòló náà dùn.

Mo ki káàdì náà bọ àyè rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó dé. Agogo náà bá àmì ara páálí mu rẹ́gí.